Ta Ló Ń Pe Oògùn Lẹ́fọ̀ọ́?

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Òwe náà gún régé láyé àtijọ́, àmọ́ ẹni tó ń ṣi ewé pè lóde òní kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ wo eré Monopoly tí àwọn ìdílé kan máa ń tẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n á ju dáìsì, wọ́n á sún ọmọ eré yí pátákó po, wọ́n á fi owó bébà ra ilẹ̀, wọ́n á sì gba káàdì tó fi hàn pé ilẹ̀ ti di tiwọn. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ á sanwó. Ẹni tówó tán lọ́wọ́ rẹ̀ á dìde kúrò nídìí eré, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí tẹbí tará ti wọko gbèsè tán ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún.

Oògùn ni eré yìí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sè é, ó sì korò. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Magie, ló ṣe é, ìjọba sì fún un níwèé lórí rẹ̀ lọ́dún 1904. Eré Onílẹ̀ ló pè é. Ẹ̀kọ́ Henry George ló ń tẹ̀ lé, ẹni tó sọ pé kì í ṣe òógùn ojú onílẹ̀ ló ń sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, bí kò ṣe ọ̀nà, ọjà àti èrò tí gbogbo ìlú jọ kó débẹ̀. Nítorí náà, kí èrè ọ̀hún padà sápò ìlú. Oríṣi òfin méjì ni Magie ṣe fún eré rẹ̀: èyí tí gbogbo èèyàn fi ń là pọ̀, àti èyí tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń kó gbogbo rẹ̀ jẹ, kí ọmọdé lè fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀. Àgbà ayé da ti àkọ́kọ́ nù, wọ́n di ìkejì mú. Nígbà tó di 1935, ilé-iṣẹ́ Parker Brothers ti ń tà á lórúkọ ọkùnrin kan, Charles Darrow. Darrow di olówó rẹpẹtẹ. 500 dọ́là ni wọ́n fi tu Magie lójú. Eré tí wọ́n ṣe láti fi bú ajẹgàba wá kó sọ́wọ́ ajẹgàba, a sì ń rà á fọ́mọ wa lọ́dún Kérésì.

Èkó ni ìlú àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó ní Monopoly tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bestman Games ló gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Nínú iye owó ilẹ̀ orí pátákó náà, Banana Island wà lókè téńté, Makoko wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ìjọba ti fún àwọn tó ń gbé lórí omi ní Makoko ní wákàtí 72 kí wọ́n kó ẹrù, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé pákó wọn. Lórí pátákó, ẹni tó bá lówó lè kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí Makoko, kò sẹ́ni tí yóò gbé katakata lọ bá a.

Ẹnìkan lè ní kí ni ti Èkó ti kan Òtu, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, níbi tí ebè iṣu pọ̀ ju òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ yẹ pátákó Monopoly wò tinútẹ̀yìn, ẹ ò ní rí ẹyọ iṣu kan. Ẹnikẹ́ni kì í gbin nǹkan kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ ni pé kó lúgọ de ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ní Òkè-Ògùn, ilẹ̀ tí wọn ò bá dá, ó ń sinmi ni, kó lè gbé iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lọ́dún mìíràn. Ọgbọ́n pátákó ni pé kéèyàn gé oko baba rẹ̀ tà ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, kó wá fi owó náà ra ilẹ̀ tí kò tẹ̀ rí nítòsí Èkó, nítorí ó rí àwòrán géètì rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ìdókòwò. Bẹ́ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Ṣèyí Mákindé tún ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65, owó gbogbo wa ni wọ́n sì ná sí i. Àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu gba ọ̀nà náà lọ sí Ìbàdàn jàǹfààní rẹ̀, kò sì burú. Ẹni tó gbá ilẹ̀ mú létí títì, tí kò kọ́lé, tí kò kọ ebè kan, òun náà ń retí èrè ọ̀nà tí kò là. Ọ̀rọ̀ George rèé, láàárín wa níhìn-ín.

Wọ́n á ní láyé ọjọ́un ńkọ́, ṣé ilẹ̀ ẹbí kò ní ìjẹgàba nínú ni? Ó ní, ó tilẹ̀ pọ̀. Kódà, ọ̀nà kan wà tí Monopoly fi lóòótọ́ ju àwọn ọmọ onílẹ̀ kan lọ: káàdì kan, olówó kan. Kò sí bí wọ́n ṣe máa ta púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́ta lórí pátákó; irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló mú kí Èkó ṣe òfin lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ lọ́dún 2016. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 pàápàá ní ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, kó máa bójú tó o nítorí gbogbo èèyàn. Inú Magie ì bá dùn sí ìyẹn lórí ìwé. Àwa náà kà á, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ gómìnà.

Àwíjàre tó lágbára jù ni pé eré ń kọ́ ọmọ lówó ṣíṣe, àti pé eré ni, kì í ṣe ayé. Bó bá jẹ́ ìṣirò ni, ayò ọlọ́pọ́n ti ń kọ́ni tipẹ́: ihò 12, ọmọ ayò 48. Nínú ayò pẹ̀lú, à ń jẹ ọmọ ẹlòmíràn láìṣàánú, síbẹ̀ bí ọmọ bá tán lójúlé ẹni tó jókòó síwájú rẹ, tí o sì ní èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o ta á sí i. Monopoly kò ní irú rẹ̀. Ẹ sì wo ibi tí ọmọdé ti ń wá irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ìyá, ọmọ ọdún mẹ́jọ á ní òun yá màmá òun lówó, tàbí kí màmá sùn sílẹ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbà ló máa ń ní kò ṣeé ṣe. Òun ló máa na ìwé òfin síta, tí á fìka tọ́ ọ: báńkì nìkan ló láṣẹ láti yáni lówó.