Ojú Mi Ni, Orúkọ Wọn Ni

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, torí ó ti sú àwọn ará ilé mi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ya fọ́tò ní Òṣogbo níbí. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe tẹ́lẹ̀: pásípọ́ọ̀tù ọmọ iléèwé, ìyàwó ọ̀ṣìngín, bàbá arúgbó tó fẹ́ fi fọ́tò sílẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n ń wá, wọ́n ń sanwó, ó ń rí jẹ. Àfìgbà tó ní òun kì í ṣe onífọ́tò lásán mọ́, pé òun ti di oníṣẹ́ ọnà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun láàárín ìlú yóò sì máa ṣe kọ́lábò. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bá ọnà jà o. Ọmọ Òṣogbo wo ló ń bá ọnà jà? Láti 1962 tí Dúró Ládípọ̀ ti ṣí ilé ọnà Mbari Mbayo ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń rọ́ wá síbí, títí dórí Twins Seven-Seven, tó jẹ́ pé ijó ló ń jó nígbà tó kọ́kọ́ wọ àárín wọn, tí gbogbo ayé wá mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Ètò ọ̀rẹ́ mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Aládìrẹ mú aṣọ wá. Agbẹ́gilére mú àpótí tó gbẹ́ wá. Onílù mú dùndún wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kun ara èèyàn gbé ẹfun àti osùn wá. Èmi tí mò ń ta páànù, wọ́n ní kí n mú ojú mi wá. Ọ̀rẹ́ mi ní ìtàn wà lójú mi. Ìtàn wo ló lè wà lójú ẹni tó ń ta páànù, ju pé àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ò tíì san án?

Wọ́n ní kí n tètè dé, pé oòrùn àárọ̀ ló dáa fún ojú, tó bá ti kan àtàrí, òjìji á dí ihò ojú èèyàn pa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kun ara ò tíì dé. Nígbà tó máa fi yọjú, oòrùn ti kan àtàrí, ni wọ́n bá ta aṣọ funfun kan sókè kó lè ṣíji bò mí. Ta ni yóò di etí aṣọ náà mú? Èmi náà ni! Ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún mi ò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá wò ó dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ọwọ́ tí a ò rí yẹn jinlẹ̀ gan-an.

Ìyá aládìrẹ ní tirẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó lè jókòó kó máa fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kó tún máa rì í bọ inú ẹ̀lú léraléra títí yóò fi dúdú, ó kọjá ẹni à ń fojú di. Ìbàdàndùn ni aṣọ náà, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára ọnà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó ró o mọ́ mi. Aró ràn mọ́ mi lọ́rùn, ọṣẹ ò ràn án. Oníbàárà kan tó wá ra ìṣó rọra bi mí bóyá ẹnì kan ló fún mi lọ́rùn, pé òun mọ agbẹjọ́rò kan.

Wọ́n tún ní mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Kí ló dé? Nígbà tí bàbá mi lọ ya fọ́tò, agbádá rẹ̀ bo àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó kọjú sí kámẹ́rà, onífọ́tò sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀." Òun ló sanwó, òun ló láṣẹ. Àwọn tèmi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ronú kan ohun tó bà yín nínú jẹ́." Mo ronú kan ṣọ́ọ̀bù tí mo tì pa. Ojú tí ẹ rí níbẹ̀ nìyẹn.

Onílù nìkan ló ṣe bí èèyàn. Wọ́n ní kó máa lù kí ara mi lè balẹ̀. Ó gbé dùndún sápá, ó pè mí lórúkọ, ó ki bàbá mi, ó kan ìyá bàbá mi. Orí mi wú. Kí n tó mọ̀, ó ti dúró síwájú mi, kò kúrò, ìlù náà ò sì dákẹ́. Bí mo ṣe náwó níbi tí wọ́n ti ń lò mí lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn o.

Ọjọ́ tí wọ́n pàtẹ fọ́tò náà, mo mú ìyàwó mi dání. Wọ́n fi mí kọ́ ara ògiri, mo ga ju ara mi lọ. Àkọlé rẹ̀ ni "Ìfaradà". Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n to orúkọ: onífọ́tò, aládìrẹ, agbẹ́gilére, ẹni tó kun ara. Wọ́n kọ orúkọ onílù, fọ́tò tí a ò lè gbọ́ ìlù nínú rẹ̀! Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ògiri tí mo fara tì. Ìyàwó mi kà á dópin, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo gbé ẹjọ́ náà bá ọ̀rẹ́ mi. Ó ní mi ò mọ iṣẹ́ àwọn àgbà ni. Ó dárúkọ J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó tó gbé l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin ní 1968, tí oríṣi tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kó tó kú ní 2014. Mo ní kó gbé e wá ká jọ wò ó. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ níbẹ̀! Orúkọ tó wà lábẹ́ wọn, orúkọ irun ni: Onílé Gogoro, Ogun Parí. Irun tí wọ́n máa tú láìpẹ́ ní orúkọ, ẹni tó gbé e sórí ò ní. Èmi ni bàbá yẹn ń jẹ́rìí fún.

Ni ó bá sá lọ sí Màlì. Ó ní kí n wo Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò sí Bamako ní 1948, tó ní kóòtù, aago, rédíò àti Vespa nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi yangàn. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tí wọ́n yà ló sanwó, òun ló sì gbé fọ́tò lọ sílé. Kò sí ẹni tó ní kó bá òun di aṣọ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò Keïta hàn ní New York ní 1991, wọn ò kọ orúkọ bàbá náà síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó yà á. Ọ̀rẹ́ mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi. Inú bí i, ó na ìka, ó ní ìrẹ́jẹ gbáà ni, odindi èèyàn! Ó bínú fún Keïta títí tíì mi fi tutù. Èmi tí mo jókòó síwájú rẹ̀, kò rí mi.

Mo ní tó bá jẹ́ ojú lásán ló ń wá, kó ṣe bíi Samuel Fosso. Ọmọ ọdún 13 ló wà nígbà tó ṣí sítúdíò ní Bangui ní 1975. Tí fíìmù bá ṣẹ́ kù lálẹ́, ara rẹ̀ ló ń yà, kò kanlẹ̀kùn ọ̀rẹ́ kankan. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ìtàn lójú òun.

Wọ́n ti ń gbèrò òmíràn báyìí. Etí odò Ọ̀ṣun ni, mo sì gbọ́ pé ẹrẹ̀ wà nínú ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ ohun tí mo fẹ́ sínú ìwé: owó ọjà tí mo máa pàdánù, oúnjẹ tó ní ẹran, ọṣẹ, àti orúkọ mi lábẹ́ fọ́tò, pẹ̀lú àmì ohùn. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní ọ̀rọ̀ ńlá ni, òun nìkan ò lè dáhùn, àfi kí gbogbo kọ́lábò jókòó lé e lórí. Wọ́n ti dá ìpàdé sọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá, kí kálukú lè sọ tinú ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n fi ohun mímu ránṣẹ́.