Igbá Wàrà Kìnnìún

Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn kì í sì í gbófo. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí ẹni tó fún wàrà náà rí, tó padà wálé láàyè, tó gbé igbá sílẹ̀ pé ká tọ́ ọ wò? Mo ti bi àwọn ọdẹ Massè. Mo ti bi àwọn tó ń dáko lọ́nà Tatonnonkon. Gbogbo wọn ló mọ òwe náà, kò sẹ́ni tó mọ igbá náà.

Òwe yìí la fi ń tu bàbá kan nínú ní abúlé wa, lẹ́bàá Adja-Ouèrè, láti ọdún 2020. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ máa pè é ní Àlááji, torí bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn. Kò tíì fojú kan Mẹ́kà o. Oṣù Kìíní ọdún náà ló ta epo pupa rẹ̀ tán, tó kó owó lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Kùtọnu lọ́wọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, ó ti di Àlááji. (Àwọn ààfáà yóò ní Úmúrà ló fẹ́ lọ ṣe nínú Ràmàdáánì, pé Úmúrà kì í sọni di Àlááji. Ẹ lọ wí ìyẹn létí àwọn ìyàwó rẹ̀.)

Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ìjọba Saudi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ wá ṣe Úmúrà. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn káríayé. Ọjọ́ 30 oṣù yẹn kan náà, ìjọba Benin ṣọgbà yí Kùtọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó sún mọ́ wọn ká, ó sì di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó tú u. Ẹ̀yìn ọgbà ni ti wa. Mẹ́kà tì, ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú tì, àfi ẹnu kìnnìún tó gbówó mì.

Àlááji pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Bàbá, ẹ ní sùúrù." Ó tún pè é. "Bàbá mi, ẹ sáà ní sùúrù, ilé-iṣẹ́ ló ń gbé e yẹ̀ wò." Nígbà tó yá, ọmọ náà fún un ní nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀, ó sì pa fóònù tirẹ̀. Bí Àlááji bá ti pè, orin ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, orin kan tí kò ní ìlù, tí kò sì lópin. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan yóò fi Faransé sọ fún un pé ìpè rẹ̀ ṣe pàtàkì sí wọn. Àlááji kò gbọ́ Faransé, ó ṣáà gbọ́ pé ohùn náà tutù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó kí i bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ikpinlè tó sọ fún un pé ẹ̀rọ ni. Ó dùn ún ju ti owó lọ.

Ràmàdáánì dé, Ràmàdáánì lọ. Lẹ́yìn Iléyá ni ìwé ilé-iṣẹ́ náà wá jáde. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló tún wá kà á fún un: owó kọ́ ni wọn yóò dá padà, avoir ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé ìwé ní Benin, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Òun ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń sọ pé a ní nǹkan: j'ai, tu as, il a. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wá sọ ọ́ di orúkọ ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní nǹkan kan mọ́. Láàárín ọdún kan ni kí Àlááji fi avoir rẹ̀ wọkọ̀ wọn, kí ó sì san àfikún bí owó ọkọ̀ bá ti gòkè. Ibodè Mẹ́kà ṣì wà ní títì. Kìnnìún ní wàrà ti tán lónìí, pé ká gba àwòrán ọmú òun lọ ná.

Kì í ṣe pé ìkà ni kìnnìún yìí o. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí a san lónìí ni wọ́n fi ń san gbèsè epo tí ọkọ̀ jó lánàá, bí alájọ tó ń fi dídá ọ̀tunla kó àjọ òní fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 35 dọ́là ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn èrò lè gbà padà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń bẹ àwọn ìjọba pé kí wọ́n gbà kí ìwé dípò owó. Bí alájọ ní ọjà Ikpinlè bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, òrùlé rẹ̀ kò ní sí lórí ilé. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó wọ kóòtù bá sọ ọ́, àwa náà á ní sùúrù ni baba ìwà.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ibi tó pa Àlááji lára jù, bó tilẹ̀ ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìròyìn Mẹ́kà ní oṣù Kejì, ojú ẹsẹ̀ ló ránṣẹ́ pé òun kò lọ mọ́. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ fagi lé ìrìnàjò, irú tíkẹ́ẹ̀tì tó rà ni yóò sọ bóyá yóò rí nǹkan gbà, tirẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n kọ non remboursable, a kì í dá owó padà, sí nísàlẹ̀, kékeré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ká ní ó dúró kí ilé-iṣẹ́ fúnra wọn fagi lé ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ní Yúróòpù, òfin 261 ti ọdún 2004 ní kí wọ́n dá owó ẹni bẹ́ẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gbéra, tí àṣẹ ìjọba ló dá ìwọ dúró sílé, òfin náà kò dá sí i: ọkọ̀ lọ, ìwọ ni o kò wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí sùúrù ì bá wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni Àlááji kò ní in.

Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá mọ̀ ju àwọn àgbà wa lọ nípa wàrà. Mo ti wò wọ́n láàárọ̀. Fúlàní kì í bẹ màlúù tó ń tapá. Okùn ló fi ń de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀yìn kó tó gbé igbá sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe náà nìyẹn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mẹ́fà fi pọ owó tó lé ní mílíọ̀nù 600 dọ́là padà fún àwọn èrò, wọ́n sì san ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 7 lé e. Frontier nìkan dá mílíọ̀nù 222 padà, Air India dá mílíọ̀nù 121 àti àbọ̀.

Okùn ò wọ́n wa nílé. Láti ọdún 2003 ni UEMOA, àjọ ọrọ̀-ajé àti owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Benin wà nínú rẹ̀, ti ṣòfin lórí ohun tó tọ́ sí èrò tí wọn kò jẹ́ kó wọkọ̀, tàbí tí wọ́n fagi lé ọkọ̀ rẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù. Inú àjà ni wọ́n so okùn náà rọ̀ sí. N ò tíì gbọ́ kí agogo ìlú ké nípa rẹ̀ ní Adja-Ouèrè rí, bẹ́ẹ̀ agogo kan náà máa ń ké bí owó orí bá ti tó san.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, èmi àti Àlááji jọ wà ní Ikpinlè, níwájú obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàgáṣì, wàrà dídì. Àlááji mú mẹ́ta, ó dì í, ó ní òun yóò sanwó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

"Ní sùúrù fún mi, ọmọ mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba wàgáṣì rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.