Àkísà Olówó Iyebíye

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó pa òwe yìí kò bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pàdé rí. Nígbà tó ti yunifásítì wálé sí Ìfọ́n, jíǹsì tó wọ̀ ti lanu ní orúnkún méjèèjì, ó sì tún là nítan. Tuntun ni o, 18,000 náírà ló rà á. Ìyá àgbà wò ó títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ lẹ gbogbo rẹ̀: ègé àǹkárá sí orúnkún òsì, àjákù aṣọ òkè sí ti ọ̀tún, òwú dúdú ní ìlọ́po méjì kó lè pẹ́. Wọ́n fà á lé e lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

“Mo ti mọ̀ pé nǹkan ò rọgbọ fún yín níbẹ̀. Ojú ló ń tì ọ́ tí o ò fi sọ.”

Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1873, tí Jacob Davis, télọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àti Levi Strauss gbàwé àṣẹ lórí irú ṣòkòtò yìí, ìṣó bàbà ni wọ́n kàn mọ́ ọn kó má baà ya mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára. Yíya rẹ̀ la wá ń sanwó fún báyìí.

Aṣọ kọ́ ni òwe ń bá wí ṣá. Èyí tí àgbà fi roko, tó fi pọnmọ, tó fi sìnkú, títí tó fi gbó mọ́ ọn lára, òun là ń pè lákìísà, a kì í sì í rà á lọ́jà. Àwọn ọmọ wa ti rí ọjà rẹ̀. Lẹ́bàá géètì yunifásítì, nídìí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́wàá wà nínú ìdì kan. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, orí márùn-ún pérépéré. Mo ka ọ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ṣèwádìí lórí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ l’Éjìgbò. Ẹni tó rà á ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo Èjìgbò di Ìfọ́n. Kọ̀ǹpútà gbọ́ràn. Ló bá di pé lójú ewé ìdúpẹ́, ọmọ náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Kábíyèsí, Ògìyán ti Ìfọ́n! Olúfọ́n, ọba Ìfọ́n gan-an, wà láàfin, wọn ò gbọ́. Olùkọ́ fún un ní máàkì 68.

Pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí ChatGPT bá kọ ò tiẹ̀ tó àkísà. Ara ta ló ti gbó?

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní àkísà kan tí wọn ò rà. Lọ́dún 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 9. Lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó tún di oṣù 8. Ẹni tó wọlé ní 2019 fún ẹ̀kọ́ ọdún 4 ti fi oṣù 17 jókòó sílé. Àwa ará Ìfọ́n mọ irú ìrìn àjò tó ń pẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà ìlú wa, ń lọ kí Ṣàngó l’Ọ́yọ̀ọ́, Ifá ní kó mú aṣọ funfun mẹ́ta àti ọṣẹ dání. Èṣù da epo sí i lára, ó da èédú, ó da àdín. Bàbá ń wẹ̀, ó ń pààrọ̀. Wọ́n sì tún sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 7 láìṣẹ̀.

Èṣù ò tiẹ̀ ṣe wàhálà dé ọ̀dọ̀ àwọn tiwa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ìdánwò àṣekágbá, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, wọ́n á na ẹ̀yìn fún ara wọn, wọ́n á sì fi bírò kọ orúkọ wọn sí i títí yóò fi dà bí ògiri ilé ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé tirẹ̀ wálé bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá àgbà rí i láàárọ̀. Aṣọ funfun, nílùú Olúfọ́n! Hypo, ọṣẹ dúdú, omi gbígbóná, ọwọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí ọmọ jí, ṣẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lórí okùn, ó funfun nini.

“Ìyá àgbà! Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?”

“Ọdún mélòó lẹ fi jọ wà níbẹ̀?”

“Mẹ́fà, mà.”

“O ò sì mọ̀ wọ́n sórí?”