Ojú Ló Rà Á, Etí Ló Jìyà

Àwo orin ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Kò fi ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lù ú kún un. Ti Hárúnà Ìṣọ̀lá ló pọ̀ jù níbẹ̀, Oroki Social Club tó ṣe ní 1971 ló sì wà lókè pátápátá. Mo kó wọn sí pálọ̀ mi ní Bárúwà, mo ra áńpù àti sípíkà, ó wá ku ṣéńjà tí yóò máa yí wọn. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́njú nígbà rédíògírámù ì bá là mí lọ́yẹ̀. Mi ò béèrè. Ṣebí mo kàwé.

Mo gba Ìgàndó, mo gba Ìyànà-Ìbà, mo bọ́ sí Alábà. Ṣéńjà tòkunbọ̀ tó wọ̀ mí lójú níbẹ̀, igi pupa ni ara rẹ̀, wọ́n ti nù ún títí mo fi ń rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á ò purọ́ fún mi rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ní, "Ọ̀gá, Amẹ́ríkà ló ti wá o. Iná wọn yàtọ̀ sí tiwa." Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo rí i: 120V, 60Hz. Mo rẹ́rìn-ín onímọ̀, mo ní kó fi sítẹ́pù-dáùn kún un, èyí tí yóò sọ 220 wa di 110. Ó tún bi mí bóyá áńpù mi ní fónò. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Méjì ló ní."

Kò ní ẹyọ kan. Mo so ṣéńjà mọ́ ihò AUX, ohùn tó jáde kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Agídìgbo ti parẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń ṣán. Iná tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kéré gan-an, bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan. Bí wọ́n bá sì ń gé àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ipa abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù. Fónò ló ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè, òun náà ló ń dá ìlù padà sí ààyè rẹ̀. Èmi ò wádìí, mo yí fólúùmù dé òpin. Nígbà tí mo wá ra fónò kékeré kan, tí mo so ó mọ́ ọn, mo gbàgbé láti yí fólúùmù padà. Ògiri mì. Adìyẹ bàbá onílé fo fẹ́ǹsì, kò sì tíì padà títí di òní.

Bàbá onílé wọlé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ adìyẹ ni. Ó jókòó, ó tẹ́tí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ara Hárúnà yìí le báyìí?" Mo ní, "Bàbá, bí àpàlà ṣe rí nìyẹn, sà. Orin àgbà kì í kánjú." Ẹni tí mo ń ṣàlàyé àpàlà fún yìí ti náwó fún Hárúnà lójú agbo kí wọ́n tó bí mi. Ó kàn ń wò mí. Mo gbé Sunny Adé lé e kí n lè jàre. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ti di ti arúgbó.

Èmi tó ka 120 ò ka 60. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ń ṣe 50. Sítẹ́pù-dáùn ń dín agbára iná kù, kì í fọwọ́ kan iye ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ irú mọ́tò tó ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ ló wà nínú ṣéńjà mi. Àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, kò yí tó 28 nílé mi.

Ó yẹ kí n dá a padà, àmọ́ ojú ń tì mí. Mo wá rántí jẹnẹrétọ̀ wa, I-better-pass-my-neighbour. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, 50 ló ń mú wá. Bó bá di 3,600, 60 dé nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í pẹ̀lú sikurú-díráfà, mo ń mú eré rẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi dúró lójú fèrèsé, ó ń ròyìn Hárúnà fún mi.

"Ó ti ń jí!"

"Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn!"

"Ó ti bọ́ sí i! Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Ó bọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń sáré àsápajúdé ń gbé agbára iná sókè pẹ̀lú. Gílóòbù pálọ̀ kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ yòò, ó sì bú. Fíríìjì gbéra, ẹ́ńjìnnì rọ̀, Hárúnà tún sùn lọ. Fíríìjì dákẹ́, Hárúnà ta gìrì, ó ń sá eré lé orin. Bàbá onílé ké láti òkè: "Tíṣà! Láti 1983 lọ́kùnrin yìí ti kú, jẹ́ kó sinmi!"

Ṣéńjà tí mo ń lò báyìí kò dán. Mọ́tò DC ló wà nínú rẹ̀, kò sì kàn án bóyá 50 ni iná ń ṣe tàbí 60. Kì í ṣe àrà tuntun: Technics SL-1200 tí àwọn DJ sọ di olókìkí ti ń lo irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láti 1972. Láti ìgbà yẹn ni ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Èmi ni mi ò béèrè.

Ti àkọ́kọ́ wà fún títà. Kò bàjẹ́ rárá, iná ìlú wa ni kò bá a lára mu. Ẹni tó bá ń japa lọ sí Amẹ́ríkà, tí àpótí rẹ̀ kò tíì pé kílò 23, kó yà ní Bárúwà. Bàbá onílé ti ní òun ló máa san owó ọkọ̀ rẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú.