Ọ̀bẹ Tí Mo Fi Ojú Rà

Nínú gbogbo ohun tí Ògún Lákáayé, Ọ̀sìn Imọlẹ̀, fi lé ọmọ aráyé lọ́wọ́, n kò rò pé ó sí èyí tí ó tètè ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé tó ọ̀bẹ ńlá tí ẹni tí ó rà á kò mọ iṣẹ́ tí yóò fi ṣe. Nítorí pé ọkùnrin tí ó ti fi ṣọ́ọ̀kì jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tí ìjọba fi fún un ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò sì tí ì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó ju adìẹ ọdún lọ rí, yóò kàn di èkù irin kan mú lọ́jà, yóò fì í sọ́tùn-ún, yóò fì í sósì, kíá, yóò ti máa gbọ́ oríkì àwọn baba ńlá rẹ̀ létí ara rẹ̀. Èmi ni ọkùnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni ó fa ọ̀rọ̀. Ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ ni, ní apá Ìsẹ́yìn níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kí ọkọ rẹ̀ tí ń jókòó ka ìwé ìròyìn ní Ìbàdàn wá bá òun ní àgọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó wá mọ bí ilẹ̀ ti ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbà láti lọ, mo pinnu pé n kò ní fi ọwọ́ lásán wọ igbó àna mi, nítorí ojú àna kì í ṣe ojú tí ènìyàn ń gbé ìtìjú lọ bá. Mo bá kọrí sí ọjà láti wá ọ̀bẹ kan ṣoṣo tí yóò gé ẹ̀ka, tí yóò la igi ìdáná, tí yóò bó ẹran, tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, tí yóò sì tún buyì fún ìbàdí tí a bá so ó mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ojú mi ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Ní ọdún 1982 ni sinimá First Blood jáde, nínú èyí tí Sylvester Stallone ti ṣe ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Rambo, tí àwọn ọlọ́pàá lé wọ inú igbó òtútù, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀bẹ rẹ̀ ni igi ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀. Jimmy Lile, alágbẹ̀dẹ ará Arkansas ní Amẹ́ríkà, ni ó rọ ọ̀bẹ náà: ó ní eyín ayùn lẹ́yìn, èkù rẹ̀ ní ihò, inú ihò yìí sì ni Rambo ti mú òwú àti abẹ́rẹ́ jáde tí ó fi rán apá ara rẹ̀ tí ó ya. A wo sinimá yìí nílé fídíò títí tí téèpù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kò sì sí ọ̀dọ́ àdúgbò wa tí kò wé àkísà mọ́ orí. Ta ni mo wá jẹ́ tí n óò fi rí ọ̀bẹ tí ó jọ ọ́ lórí àtẹ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀, tí n óò sì kọjá lọ? Ti Lile, ọ̀gá ni ó rọ ọ́, ó sì fi ara balẹ̀ rọ ọ́. Èyí tí ó wà lórí àtẹ yìí, ẹni tí ó ṣe é kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ọmọkùnrin tí ń tà á kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí ìdérí ìdí èkù, ó sì ń da ohun inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan: ìṣáná díẹ̀, abẹ́rẹ́, òwú, ìwọ̀ ẹja, òjé wẹ́wẹ́, ó wá yí ìdérí náà padà, kọ́ńpáàsì ni ó wà níbẹ̀. Irin ọ̀bẹ náà ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé irùngbọ̀n náà bá ọ̀bẹ mu. Mo san owó tí ó tó ra ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí mo sì na àwọn kan nítorí pé wọ́n kọ ìdáhùn láì yẹ iṣẹ́ wò, kò bi ara mi ní ìbéèrè kan tí ó dúró gbangba níwájú mi: bí èkù bá ṣófo tó láti gba ìṣáná, abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀ ẹja, níbo ni ìdí irin ọ̀bẹ wá wọlé sí?

Nígbà tí mo dé àgọ́, tí mo kí wọn pé àrìnpa o, tí wọ́n sì dáhùn pé Ògún á gbè mí, mo fa ọ̀bẹ yọ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Àna mi gbà á, kò wo dídán rẹ̀ rárá. Ó fi èékánná ta irin rẹ̀, ó dẹ etí sí i. Ó di irin mú, ó mi èkù. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi bí ẹni tí ń dá ọmọ tí ń sunkún padà fún ìyá rẹ̀.

“Tíṣà,” ni ó wí, “ta ni ẹ fẹ́ bá jà?”

“Ẹ̀gbọ́n, kò sí o. Igi ni mo fẹ́ gé.”

“Ó dára. Kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí igi mọ̀.”

Ẹ̀ka tí a fẹ́ fi ṣe àtíbàbà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, eyín ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí i. Eyín ayùn gidi a máa tẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì, kí ojú ọ̀nà tí ó ń là lè fẹ̀ ju irin rẹ̀ lọ. Eyín tèmi kò tẹ̀ síbì kan, nítorí náà kò tí ì wọ inú ẹ̀ka jìnnà tí ẹ̀ka fi dì í mú, tí èmi àti igi sì ń fa ara wa lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn àna mi. Mo fi ìyẹn sílẹ̀, mo lọ sídìí igi ìdáná. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀, mo gbé ọ̀bẹ láti ẹ̀yìn orí, mo sì rán an sí igi pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo ní. Igi ni mo rán an sí. Irin náà jáde kúrò nínú èkù kí ó tó débẹ̀, ó gba orí àwọn ènìyàn kọjá, ó sì lọ gba ìṣasùn ọbẹ̀ ọ̀yà tí ọmọ kan ti ń tọ́jú láti ọ̀sán láàrin, ìṣasùn là sí méjì, iná kú fin-ín. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, èkù nìkan ni mo bá níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ìdí rẹ̀ gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó wá dúró, ó ń tọ́ka sí àríwá, ọ̀gangan ibi tí ọbẹ̀ wa ń ṣàn lọ.

Gaàrí ni a jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Àna mi kò bú mi. Ó mú irin náà wá sí ẹ̀bá iná, ó fi ìdí rẹ̀ hàn mí: kùkùté kan ni, kò gùn tó oríkèé ìka, èso irin kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi dè é mọ́ èkù. Ó wá fa tirẹ̀ yọ. Irin kan náà ni láti ṣóńṣó dé ìdí, ó la èkù já, pákó méjì há a láàrin, ìṣó gún gbogbo wọn pọ̀. Ó ní bí pákó náà bá jábọ́ lójijì, òun yóò fi àkísà wé irin, òun yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo gbé lọ sí Ìbàdàn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, mo ti wà ní ilé àgbẹ̀dẹ, mo ń pàṣẹ pé kí wọ́n fi síprín ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọ̀bẹ fún mi, tí irin rẹ̀ yóò la èkù já, tí yóò sì nípọn tó mìlímítà 8. Àdá oko kì í sábà nípọn ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, alágbẹ̀dẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní àdá kọ́ ni mo wá rà. Ó tún ṣàlàyé pé irin tí a bá gbé pípọ́n láti inú iná rì bọ inú òróró yóò le lóòótọ́, ṣùgbọ́n líle náà kò ní sùúrù, a gbọ́dọ̀ tún yá a níná díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò ní ti ìyeyè, tí yóò di àlùkò, tí yóò sì máa lọ sí ti aró, kí ó tó lè gba ìyà igi. Ìwé ni mo ti wá kà á lẹ́yìn náà pé nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọ̀ aró yẹn ń yọ. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ohun kan ṣoṣo ni etí mi gbọ́: wọ́n fẹ́ dín líle ọ̀bẹ mi kù. Mo ní kí ó fi líle rẹ̀ sílẹ̀ fún mi gbáko, èmi ni mo ni owó mi. Ọkùnrin náà ní, “Ó dáa, Bàbá,” ó wá yíjú sí ọmọ tí ń fin ẹwìrì, ó ní kí ó jọ̀wọ́ gbọ́ ohun tí Bàbá wí, kí ó lè jẹ́rìí.

Nígbà tí mo gbé e dé àgọ́, ọ̀bẹ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí koríko ń tẹ̀ fún un láì gé, tí apá mi sì ti kú kí oòrùn tó gun orí. Nígbà tí mo wá fi bá ẹ̀ka àyin wí, àyin tí gbogbo ará ọ̀dàn mọ̀ sí igi tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ̀là irin kan bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì fò kọjá lẹ́bàá etí mi. Wọ́n ní idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ. Tèmi mọ etí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Odindi ìrọ̀lẹ́ ni àna mi fi wá ẹ̀là náà nínú koríko, kí ó má baà gún ajá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ti àkọ̀ n kò ní pẹ́ lé lórí. Mo fi ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀bẹ yìí bó ẹran, mo sì tì í bọ inú àkọ̀ awọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti omi lára rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó ti dógùn-ún. Òwe ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Níhìn-ín, ilé ni ó wó ọ̀bẹ.

Ẹ̀yìn èyí ni àna mi fi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wọ ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn láti mú mi lọ sí ọjà. Lójú ọ̀nà ni ó ti sọ fún mi pé kò sí ọ̀bẹ tí ń ṣe gbogbo iṣẹ́: àdá pẹlẹbẹ ni ti koríko àti ẹ̀ka, nítorí yíyára rẹ̀ ni ó fi ń gé kì í ṣe ìwúwo, ọ̀bẹ kékeré tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ti ẹran, igi ìdáná, àáké ni ó ni ín. Ó ní àdá tuntun kì í mú láti ilé ìtajà, kí n má ṣe tìtorí ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́, fáìlì ni yóò la ojú rẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí àtẹ, ó béèrè omi lọ́wọ́ obìnrin tí ń tà á, ó da á sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n di ojú mi, kí n máa gba àdá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí èkù rẹ̀ kò bá yọ̀ lọ́wọ́ títutù, tí orí rẹ̀ kò sì fa ọrùn ọwọ́ mi wálẹ̀, kí n sọ̀rọ̀. Mo dúró láàrin ọjà, omi ń kán ní ìgúnpá mi, ojú mi dì pinpin, mo sì ń fi àdá yí afẹ́fẹ́ ká. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà, bí ó ti ń fa àtẹ rẹ̀ sẹ́yìn, tí ó ń bi àna mi pé ṣé Bàbá yìí kò ríran ni.

Ó ní rárá, ríran ni mo ń rí jù. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.