Gáàsì Agbẹ̀bí Nínú Bọ́ọ̀tì

Táyé ló tú àṣírí mi. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ ṣí bọ́ọ̀tì mọ́tò kí àwọn lè ráyè gbé àpò ìrẹsì sí i. Ọmọ náà sáré padà wọlé, ó ní, "Mọ́mì, bọ́ǹbù wà nínú bọ́ọ̀tì Dádì!" Mo wà nídìí ẹ̀bà. Mo kàn ṣan ọwọ́ mi ni, torí mo mọ̀ pé ẹ̀bà yẹn ti dópin.

Ìyàwó mi kì í pariwo. Agbẹ̀bí ni. Ó ti fi ogún ọdún gbọ́ igbe ẹlòmíì débi pé kò ṣẹ́ku èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ké. Ó kàn ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá." A jọ dúró nídìí mọ́tò. Ìgò búlúù kan ló sùn síbi tí àpò ìrẹsì máa ń sùn, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, mo sì fi bẹ́líìtì irin méjì dè é mọ́lẹ̀ bí ẹni de olè. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó wá nàró.

"Nitrous oxide. Gáàsì tí mò ń fà lọ́jọ́ tí mo bí àwọn ọmọ yìí lẹ gbé sínú mọ́tò?"

Òun náà ni. Nílé ìgbẹ̀bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń gbé yìí, wọ́n máa ń po ìdajì rẹ̀ mọ́ ìdajì ọ́síjìn, kí ẹni tó ń rọbí lè máa fà á sẹ́nu. Láti ìgbà tí Humphry Davy ti ń fà á ní Bristol lọ́dún 1799 ni wọ́n ti ń pè é ní gáàsì ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kò pa ìyàwó mi lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó sì nídìí. Ọjọ́ kẹjọ oṣù yẹn gan-an ni òfin ìjọba ka gáàsì yìí kún oògùn olóró ìpele C, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fà á. Kò sí ará Peckham, àdúgbò wa ní Lọ́ndọ̀nù, tí ò mọ àwọn agolo kéékèèké tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láti fi yó, ó lè débi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Mo tètè ṣàlàyé pé òfin ò bá ẹni tó fẹ́ lò ó sí mọ́tò wí, pé èmi kọ́ ló ń fà á, mọ́tò ni.

"Ẹ fẹ́ kí mọ́tò máa rẹ́rìn-ín?"

Mo gbé ìtàn dìde. Mo ní nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì ń tú gáàsì yìí sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú wọn, GM-1 ni wọ́n ń pè é. Mo ní àwọn ará ilẹ̀ yìí náà fi sínú ọkọ̀ òfurufú Mosquito tó ń ṣọdẹ lóru lọ́dún 1944, torí bí ọkọ̀ bá gòkè jù, afẹ́fẹ́ á tín-ín-rín, ẹ́ńjìnnì ò ní rí èémí mí dáadáa. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ta lẹ wá fẹ́ lọ bá jà ní Queens Road?"

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lè mọ bí àgbàlagbà ṣe ń di ọmọdé.

Mercedes C200 Kompressor ọdún 2004 ni mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì líta 1.8, agbára ẹṣin 163. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni mo torí ẹ̀ rà á. Nígbà tí mo ṣì ń wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, bí irú mọ́tò yìí bá kọjá, a máa ń ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè bí ẹni ń ki oríkì: Kompressor! Ọjọ́ tí mo rà á, mo pe bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ròyìn. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ̀npírẹ́sọ̀? Ti fọkanáísà? Ṣé iṣẹ́ táyà lo wá ń ṣe lọ́hùn-ún ni?"

Bàbá ò kúkú jìnnà sóòótọ́. Ẹ̀rọ kan ni bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ju èyí tó lè fúnra rẹ̀ mí lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́: ẹwìrì ni. Àbùkù ẹwìrì yìí kan ni pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Ẹni tó bá ti fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ táyà rí mọ bí ìdí páǹpù ṣe máa ń rí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ò sì kún ikùn ẹ́ńjìnnì bíi tútù.

Ibẹ̀ ni gáàsì ti wọlé, ibẹ̀ náà ni ìrònú mi ti jáde. Ọmọ Ìbàdàn kan ló ń tún mọ́tò mi ṣe, abẹ́ afárá ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Òun ló fi yé mi pé nitrous fúnra rẹ̀ ò jóná. Ọ́síjìn ló gbé sínú, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, nígbà tí ti afẹ́fẹ́ lásán ò ju 23 lọ. Tó bá dé inú ooru ẹ́ńjìnnì, ní nǹkan bí 300 ìwọ̀n Celsius, á já, á tú ọ́síjìn náà sílẹ̀. Omi ló sì jẹ́ nínú ìgò. Bó bá ti ń bọ́ síta ló ń di gáàsì, òtútù rẹ̀ á lọ sí nǹkan bí 88 nísàlẹ̀ òdo, á sì tu afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ti sun gbóná lára. Ẹwìrì ń fẹ́ná, gáàsì ń bomi tútù sí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ta ni ò ní fẹ́ràn ìyẹn? Kìkì pé bí ọ́síjìn bá pọ̀ sí i, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, písítìnnì á yọ́ bí àbẹ́là. Nítorí náà ni irú tiwa ṣe ń tú gáàsì àti epo pa pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, agbára ẹṣin 25 ti tó yín," ó ní.

"Àádọ́ta."

A ná an bí ẹni ń ná ẹja gbígbẹ ní Rye Lane. A fẹnu kò sí 35. Ó wá kìlọ̀ fún mi: kí n máa ra epo ọ́kítéènì 99, kí n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì sí èyí tó tutù, kí n ra géèjì tó máa sọ iye gáàsì tó kù fún mi. Ó ní bí n ò bá tíì rówó géèjì, kí n máa gbé ìgò náà sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Bó bá kún, á wọn kílò 3.4. Bó bá ti ṣófo, 2.3. Epo 99 nìkan ni mo rà. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ti ìyàwó mi ni, n ò sì fẹ́ ìbéèrè. Owó géèjì ńkọ́? Mo fi ra ohun tí wọ́n ń pè ní purge.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ó máa ń tú gáàsì tó wà nínú páìpù síta kí èyí tó jẹ́ omi lè dé iwájú, òun náà ni fíìmù The Fast and the Furious ti 2001 fi kó sí wa lórí. Èmi wò ó lórí CD tó ń há. Bó bá tú u, èéfín funfun á rú sókè níwájú gíláàsì mọ́tò, fùùù! Èéfín yẹn ni mo fẹ́. Kí n má purọ́, n ò fẹ́ eré sísá rárá. Fáàrí ni mo fẹ́.

Lọ́jọ́ tí àṣírí tú yẹn, ìyàwó mi gbà kí ìgò náà wà, ṣùgbọ́n ó ní kí n pe àwọn adójútòfò lójú òun. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù béèrè pé, "Nitrous? Fún mọ́tò tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé?" Ó fi orin sí mi létí fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Owó ìdójútòfò mi fò láti 690 pọ́n-ùn sí 1,480. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé àpò ìrẹsì sáàárín àwọn ìbejì lórí síìtì ẹ̀yìn, ó fi bẹ́líìtì dè é, ìrẹsì wá di ọmọ kẹta.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí màá ti lò ó. Gáàsì náà kì í wọ ẹ́ńjìnnì àfi tí mo bá tẹná dé ilẹ̀ pátápátá, tí ẹ́ńjìnnì sì ti ń yí ju 3,000 lọ níṣẹ́jú kan. Ní Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà, ogún máìlì láàárín wákàtí ni òfin fún wa láti 2015, ogún náà sì jẹ́ àlá. Ní Peckham High Street lọ́sàn-án, màmá kan tó ń fa trọ́lì tó kún fún iṣu kọjá lára mi. Mo pàdé wọn níwájú, iná pupa ti dá èmi dúró. Wọ́n tún kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n bojú wo inú mọ́tò bóyá ara mi ò yá. Oṣù márùn-ún gbáko ni n ò lo gáàsì yẹn lójú ọ̀nà.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé fáàrí mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀bá Old Kent Road la ti ń jọ́sìn. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Roehampton ka 240 ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Southwark, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2013. Ẹ wá fojú inú wo bí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìsìn parí, èrò dúró yí ká pẹ̀lú gèlè àti fìlà. Mo wọ inú mọ́tò, mo ṣí fèrèsé kí wọ́n lè rí ojú mi, mo tẹ súwíìṣì.

Fùùù!

Alàgbà kan ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wọ́n di Kẹ́hìndé mú lápá, wọ́n sá. Gèlè mẹ́ta ló ṣí. Kí n tó la ẹnu, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí mo mọ̀ sí èèyàn jẹ́jẹ́, ti gbé ẹ̀rọ panápaná dé. Kò béèrè iná. Ó fi ẹnu rẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú gbogbo rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun bo ẹ́ńjìnnì, ó bo gíláàsì, ó bo kọ́tù mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yọ ọ́ láàárín wáyà. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ àkànṣe lọ́sẹ̀ kejì pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí mọ́tò jó mọ́ wa lórí. Mo jó síwájú, mo sọ owó sínú agbọ̀n. Kí ni ǹ bá sọ?

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọyì mi. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń dúró dè mí ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. "Ọ́ńkù, ẹ tún un ṣe!" Mo tún un ṣe. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i, Ọ́ńkù!" Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Oṣù kẹrin ni mo sá ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Santa Pod, èmi àti ọmọ Ìbàdàn. Pápá ọkọ̀ òfurufú ni ibẹ̀ nígbà ogun, àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà ló ń gbéra níbẹ̀. Láti 1966 ni wọ́n ti ń sá mọ́tò níbẹ̀, mítà 402, ojú ọ̀nà tó tọ́ bí ọfà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún ará ìta, kódà mọ́tò tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé lè sáré. Ìdíwọ́ kan ṣoṣo ló yọjú: wọ́n ní apá àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bò. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkurú ni mo wọ̀. Ohun alápá gígùn tó wà nínú mọ́tò ò ju bùbá aṣọ ẹbí àná lọ, léèsì aláwọ̀ ewé, òun ni mo wọ̀. Mo fi àṣíborí dé e. Àwọn òyìnbó tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

Mo kọ́kọ́ sá a láìlo gáàsì. Ìwé tí wọ́n já fún mi sọ pé ìṣẹ́jú àáyá 17.1. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣí ìgò, mo tan súwíìṣì. Iná ewé tàn, mo tẹná mọ́lẹ̀. Mo búra fún yín, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ síìtì. Ẹ́ńjìnnì ń húkọ́, mo gbà pé bí agbára ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo wo díńgí, èéfín dúdú kún ẹ̀yìn mi, mo kígbe, "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ!" Mo dé ìparí tomijé-tomijé.

Wọ́n já ìwé fún mi: 17.9.

Mo ní aago wọn ti bàjẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ò dáhùn. Ó lọ ṣí bọ́ọ̀tì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìgò náà. Ìgò tí gáàsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú rẹ̀, bí ọtí inú fíríìjì ló yẹ kó tutù. Èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àkàrà. Ó tú bẹ́líìtì irin, ó fi ìka méjì gbé e sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti lo gáàsì yìí?"

Mo ronú kan àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. N ò lè dárúkọ wọn. Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, pé epo àfikún nìkan ló ń tú sínú ẹ́ńjìnnì láìsí gáàsì lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni èéfín dúdú, òun ni ikọ́. Agbára tí mo mọ̀ lẹ́yìn mi, inú orí mi ló ti wá.

Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí mo délé. Mo gbé ìgò náà wọ ilé ìdáná lábẹ́ bùbá, mo rò pé gbogbo wọn ti sùn. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, ó ń mu tíì. Ó wo bùbá, ó wo ìgò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ọwọ́ kan lábẹ́, ọwọ́ kan lókè, bó ṣe ń gba gbogbo wọn, ó rọra tẹ́ ẹ sórí òṣùwọ̀n.

"Kílò 2.3," ó ní. "Kò tó ìwọ̀n. Irú ọmọ báyìí, a kì í jẹ́ kó bá bàbá rẹ̀ lọ sílé."