Ìnáwó
Ọ̀gá oníná kan, afọwọ́-gba-wáyà-má-gbọ̀n, ni mo pè wá sí ilé mi ní Ìbàdàn pé kí ó bá mi gbé iná ìta kọ́ sára ògiri bulọ́ọ̀kù oníhò ìńṣì 9, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo bí àpò òṣìṣẹ́ nígbà tí oṣù bá ń parí lọ. Òkúta kan àti ìṣó méjì péré ni ó mú wá. Mo fi ìtẹríba bèèrè físà, ike kékeré tí à ń kì bọ ihò tí ó bá a mu rẹ́gí, kí ó lè wú bí sukúrúù ti ń wọ inú rẹ̀, kí ó sì di ògiri mú, ó wò mí bí ẹni tí ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní ọbẹ̀ sísè, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá, àwọn baba wa ò lo físà kọ́lé.” N kò bi í léèrè irú gílóòbù tí àwọn baba wa lò. Òjò àkọ́rọ̀ dé, iná já, ihò sì gba ìkúùkù mi wẹ́kú. Ọ̀gá padà wá, ó rẹ ìwé ìròyìn sínú omi, ó kì í bọ ihò, ó tún kan ìṣó mọ́ ọn. Ìwé ìròyìn náà gbé iná fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, agbára tí n kò mọ̀ pé ó ní nígbà tí mo ń kà á. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀: tèmi ti kó wọlé tìyàwó tọmọ, kò sì san owó ilé. “Ìnáwó” ni mo kọ sínú ìwé owó mi lọ́jọ́ kìíní, mo ti fi bírò pín in sí méjì báyìí, “iná wó.” Ará àdúgbò kankan kò tilẹ̀ mọ̀, nítorí láti ọjọ́ tí a ti gbé e kọ́, a kò tíì rí iná ìjọba.